Igba Ó Dín Ẹtu Kan

"Ẹtu," ni Àǹtí wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò ju ogún ìgbésẹ̀ lọ sí ibi tí o wà. Ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Dúró ná," ni Ìbídùnní fèsì, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Kò sí bó ṣe lè pariwo. Ó dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, kòkòrò kan ń fẹsẹ̀ wọn ọrùn rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì kúrò níbi gbòǹgbò igi arère ńlá kan tó wà níwájú. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń ka igbó fún Báǹkì Ohun Ẹlẹ́mìí. Ó ti ka ẹtu ní igbó mẹ́fà. Kò tíì rí èyí tó dé fìlà rí.

Ẹtu náà fi ìka méjì di imú rẹ̀ pọ̀, ó na ọrùn, ó sì ké láti ihò imú wá: "Nhẹ̀ẹ́n! Nhẹ̀ẹ́n!" Lẹ́yìn náà ó húkọ́, ó tutọ́, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò.

"Ẹtu," ni Àǹtí tún wí, pẹ̀lú ìdùnnú tí àwọn tó ṣe é fi sí i lẹ́nu. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Akọ. Àgbàlagbà. Ara rẹ̀ le koko."

Àǹtí kì í ṣe ènìyàn. Àpótí kékeré kan ni, kò tóbi ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ, tí gbogbo olùkà igbó máa ń gbé kọ́ ọrùn, tí irinwó etí tí wọ́n so mọ́ orí igi sì ń ròyìn fún. Orúkọ tí ìjọba sọ ọ́ gùn tó ìlà méjì lórí ìwé, ṣùgbọ́n Àǹtí ni gbogbo ayé ń pè é, torí pé ó mọ ohùn gbogbo ẹ̀dá, ó máa ń dáhùn ohun tí a kò bi í, kì í sì í gbàgbé ohun tí èèyàn ṣe léṣìí. Ohun kan ṣoṣo tí kì í gbọ́ ni ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn tí kì í ṣe òun ni a ń bá sọ. Òfin àṣírí ọmọ ìlú ló di í létí.

Ìbídùnní dìde. "Baba Ọdẹ́yínká!"

Bàbá náà kò ta gìrì. Ọdẹ ni, ọdẹ kì í ta gìrì. Ó yí padà díẹ̀díẹ̀, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Káàárọ̀, Olùkà. Ẹrẹ̀ wà lágbọ̀n rẹ."

"Baba, ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni kí ni?"

"Ẹ̀yin ni ẹtu?"

"Láti ìdúnta," ni bàbá náà wí, bí ẹni tó ń sọ ọdún tó joyè.

Ìbídùnní ka ọdún náà sórí ìka. Ìdúnta àti èṣí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òun fúnra rẹ̀ ti tẹ àtàǹpàkò sí i pé ẹtu ń bẹ láàyè nínú igbó Ìdí-Arère, ó ń ké. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn sọ́tùn-ún, ó tún rìn sósì, bí ẹni tí ìjàlọ wọ inú bàtà rẹ̀.

"Baba, ẹ̀dá mélòó ni a kà nínú igbó yìí léṣìí?"

"Igba. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. A pa adìẹ."

"Igba géérégé. Pẹ̀lú ẹtu. Tí a bá yọ ẹtu?"

Bàbá wo ilẹ̀. "Ọ̀kàndínnígba."

Àwọn tó ṣe Òfin Igbó Alààyè ì bá ti mú ọgọ́sàn-án. Wọn ì bá ti mú igba ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Igba ni wọ́n mú, nítorí pé ó kún ẹnu nígbà tí wọ́n kà á nílé ìgbìmọ̀, oúnjẹ ọ̀sán sì ti ń tutù. Igbó tó bá pé igba irú ẹ̀dá, àáké kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, ilé-iṣẹ́ tó bá sì ń tọ́jú rẹ̀ á máa yá owó báǹkì ní èlé náírà méjì lórí ọgọ́rùn-ún. Igbó tí kò bá pé igba, èlé á fò di mọ́kànlá, igi igbó náà ló sì máa san án. Wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀dá kan tó dín. Àní, èdè wa fúnra rẹ̀ kì í fojú fo ohun tó dín: ọ̀kàndínnígba, gbèsè ti wà nínú orúkọ.

Lójú ọ̀nà Ìdí-Arère, ẹ̀rọ agégi mẹ́rìnlá ti wà ní ìdúró láti àná, wọ́n ń kùn bí ológbò tó rí eku. Òfin ló ní kí wọ́n wà nítòsí lọ́jọ́ kíkà, kí àkókò má baà ṣòfò.

"Ta ló rán yín níṣẹ́ yìí, Baba?"

"Ta ló máa rán mi? Ogójì ọdún ni mo fi ń pè é báyìí. Tí mo bá ké, á rò pé ẹbí òun kan ló wà nínú wàhálà, á sáré wá wò ó, màá sì yìn ín níbọn. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ìdúnta ni mo ní kí n pè é láìmú ìbọn dání, kí n kàn rí i. Mo pè é, mo pè é, ọ̀nà ọ̀fun mi bó. Kò sẹ́ni tó jẹ́. Mo délé, mo bá wọn tí wọ́n ń jó. Wọ́n ní Àǹtí ti gbọ́ ẹtu."

"Ẹ ò sì sọ fún wọn?"

"Kí n sọ fún ta ni? Fún ẹ̀rọ agégi?"

"Irọ́ ni, Baba!"

"Àwọn igi yìí ńkọ́, irọ́ ni? Odò tí à ń mu ńkọ́? Ọ̀kàndínnígba tó kù, tí wọn ò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, irọ́ ni wọ́n? Olùkà, sọ fún Àǹtí rẹ kó kọ ọ́."

"Tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á pa àtàǹpàkò mi."

Bàbá kò fi ìyẹn ṣeré. Àtàǹpàkò ló ń ṣílẹ̀kùn, òun ló ń gbowó, òun ló ń fa omi nínú ẹ̀rọ. Ìbídùnní mọ olùkà kan tí wọ́n pa tirẹ̀ nítorí òòrẹ̀ méjì tí kò sí níbi tó kà wọ́n sí. Níta ilé ara rẹ̀ ni ọkùnrin náà máa ń jókòó títí ọmọ rẹ̀ á fi ti ilé-ẹ̀kọ́ dé wá ṣílẹ̀kùn fún un. Ká má sì parọ́, obìnrin yìí ní ìgbéraga tirẹ̀. Nínú gbogbo olùkà agbègbè náà, òun nìkan ni kò tíì ṣe àṣìṣe rí, kò sì sí èyí tí kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ nínú wọn.

"Àǹtí," ó wí, "pa á rẹ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Mo ti pa á rẹ́. Igbó Ìdí-Arère: ọ̀kàndínnígba. Kíkà yóò parí ní aago méjìlá ọ̀sán."

Baba Ọdẹ́yínká kò bú u. Ó kàn ṣí fìlà, ó wo òkè igi arère náà títí, bí ẹni tó ń wo àlejò tó ti di ẹrù.

*

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni Ọ̀túnba Adéyanjú, olórí ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì tó ń tọ́jú igbó náà, gúnlẹ̀ létí odò nínú ọkọ̀ tó ń fi oòrùn rìn. Ó gbé àga mẹ́ta wá, tábìlì kan, àti kámẹ́rà kan tó ń fò kiri lórí rẹ̀ bí eṣinṣin orí ọbẹ̀.

Nígbà tiwọn, mọ́tò kò bu ọlá fún ẹnikẹ́ni mọ́, ilé alájà kò bu ọlá. Ẹ̀dá tí ilé-iṣẹ́ rẹ bá ń tọ́jú, òun ni oyè rẹ. Ìyá Àdán wà, Baba Àwòdì wà. Baba Ìgbín náà wà, ẹ̀yìn ló máa ń jókòó. Ọ̀túnba fúnra rẹ̀ ti jẹ Baba Ọ̀pọ̀lọ́ fún ọdún mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rántí. Láti ìdúnta ló ti di Baba Ẹtu. Agbádá rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí awọ ẹtu, wọ́n fi òwú ya ìwo kékeré méjì sí iwájú fìlà rẹ̀, ó sì ti kọ́ ìrìn tuntun kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni tó ní pátákò.

"Màdáámú Olùkà! Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ọmọ yín, sà?"

"Ẹtu mi nù un! Ṣé ó jí ire?"

"A ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀, sà."

"Àǹtí, ẹ̀dá mélòó?"

"Ọ̀kàndínnígba," ni Àǹtí wí, láìfi bò.

Ojú Ọ̀túnba ṣú. Ó jókòó. Ó gbé ọwọ́ sókè kí kámẹ́rà má ya ìyẹn. Ó wá rí Baba Ọdẹ́yínká lábẹ́ igi, ó sì tún rẹ́rìn-ín. "Baba, ẹ wá jókòó sí àga yìí. Kámẹ́rà fẹ́ àgbà ìlú nínú àwòrán. Ẹ gbé irùngbọ̀n yín síwájú díẹ̀. Ẹ ṣeun."

Lẹ́yìn náà ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ Ìbídùnní, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ní ti ilé-iṣẹ́, kò sí wàhálà níbì kankan. Àwọn oníṣirò mi ti ṣe méjèèjì. Ó bá pé igba, owó báǹkì á rọ̀ wá lọ́rùn. Kò bá pé, a ti rí ẹni tó máa ra arère. A ti kọ nọ́ńbà sára wọn títí dé orísun odò. Èyí tó bá dára jù nínú pákó wọn la máa fi ṣe àjà yàrá ìpàdé wa tuntun. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Gbọ̀ngàn Igbó Alààyè."

"Igi igbó yìí lẹ máa fi kọ́ ọ?"

"Ìrántí ni! Kí àwọn ọmọ wa lè mọ̀ pé ó wà rí." Ó nu ojú. "Ṣùgbọ́n oyè mi, Màdáámú! Ìyá Àdán ti ń retí kí n ṣubú. Mi ò lè padà sí ọ̀pọ̀lọ́. Ìyàwó mi ti tẹ káàdì ọjọ́ ìbí mi."

Ìbídùnní yí ojú kúrò lára rẹ̀. Ìgbà náà ló rí i, lára igi arère tó fẹ̀yìn tì, ọ̀dà funfun: ẹgbẹ̀fà ó lé méje. Láàárọ̀ kò kíyè sí i, torí ẹtu onífìlà ló ń wò. Òun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkà, ẹlòmíì ti ka igbó náà tán mọ́ ọn lójú, ó sì ti kà á ní pákó.

Aago mọ́kànlá lù, ó kọjá. Ẹyẹ ń ké, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké (Ọ̀túnba ṣe bí ẹni tí kò gbọ́), Àǹtí ń kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn káàbọ̀. Ìbídùnní dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

"Ẹ jẹ́ kí n yà sígbó díẹ̀," ni Baba Ọdẹ́yínká wí. "Ara àgbà ni."

Ó lọ. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó ṣe díẹ̀, láti ẹ̀yìn igi lọ́hùn-ún, ó dún ketekete: "Nhẹ̀ẹ́n! Nhẹ̀—" Ikọ́ sì gbé e mì: "Kọ́họ́! Kọ́họ́! Kọ́họ́!"

Ọ̀túnba ti fò dìde, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lókè. Ó dúró bẹ́ẹ̀.

"Màdáámú, ẹtu máa ń húkọ́ ni?"

Ìbídùnní la ẹnu. Òótọ́ ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó ti ṣe tán. Lójú ọ̀nà, ọ̀kan nínú ẹ̀rọ mẹ́rìnlá náà kùn gidi lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ń béèrè bóyá àkókò ti tó.

"Nígbà ọyẹ́, sà," ó wí.

"Oṣù Kẹfà la wà."

"Èyí tó kù nímú wọn láti oṣù Kejìlá ni, sà. Ó máa ń pẹ́ lára ẹtu."

Ọ̀túnba mi orí. Bàbá tó bá béèrè jù nípa ọmọ rẹ̀, wọ́n á ní kò mọ̀ ọ́n. "Mo mọ̀," ó wí. "Mo mọ̀. Imú wọn ò lágbára."

"Ohùn yìí kò mọ́," ni Àǹtí wí. "N kò lè kọ ọ́. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ìbídùnní yọ Àǹtí kúrò lọ́rùn. Kò ṣe irú rẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́. Ọrùn rẹ̀ fúyẹ́, kò sì gbádùn rẹ̀. Ó gbé e lé orí tábìlì. "Ẹ bá mi ṣọ́ ọ, sà. Mo fẹ́ lọ wo ipa ẹsẹ̀ rẹ̀."

Ó bá Baba Ọdẹ́yínká nínú igbó, ó di igi mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ti parí, Olùkà. Ọ̀fun mi ti dí pa."

"Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?"

Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń wo ajá tí wọ́n fẹ́ tà fún un. "Ìwọ?"

"Ẹ yára, Baba!"

"Di imú. Rárá, kì í ṣe bí ẹni tó gbóòórùn. Mú un nísàlẹ̀, níbi tó ti rọ̀. Má sì ké bí ẹranko o. Ẹranko kì í mọ̀ pé òun ń ké bí ẹranko. Ké bí ẹni tí wọ́n já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀."

Èyí àkọ́kọ́ dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Bàbá di etí. Èkejì dún bí Ọ̀túnba. Ìbídùnní dúró, ó mí sínú. Ó ń gbọ́ kíkùn àwọn ẹ̀rọ náà lábẹ́ ẹsẹ̀, nínú ilẹ̀. Ó ronú kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ tó lè kọ̀ fún un lọ́la, ó ronú kan ẹgbẹ̀fà ó lé méje, ohùn kan sì ti inú rẹ̀ jáde tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ó ń gbé níbẹ̀.

Nígbà tó la ojú, ọwọ́ Baba Ọdẹ́yínká ti lọ sí èjìká, níbi tí ìbọn máa ń wà.

"Dákẹ́," ni bàbá náà wí, ohùn rẹ̀ gbẹ. "Ó ti tó. Dákẹ́."

*

Orí àga ni wọ́n bá Ọ̀túnba, ó dúró lé e, kámẹ́rà ń yí i ká.

"Ẹtu," ni Àǹtí ń wí. "Abo. Ọ̀dọ́. A kò gbọ́ irú ohùn yìí rí nínú igbó yìí. Igbó Ìdí-Arère: igba. Olùkà, jọ̀wọ́ tẹ àtàǹpàkò rẹ. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta."

Ẹ̀rọ yìí ló máa ń kí i kú ọjọ́ ìbí lọ́dọọdún. Ó lè mọ̀ láti inú ẹ káàárọ̀ kan ṣoṣo pé Ìbídùnní kò sùn dáadáa. Kò dá a mọ̀.

"Abo!" ni Ọ̀túnba ké. "Akọ ti wà níbẹ̀ láti ìdúnta, abo wá dé! Wọ́n ti fẹ́ra! Èmi Baba Ẹtu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di bàbá àgbà!" Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó gbàgbé ìrìn pátákò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. "Àǹtí! Bí akọ àti abo bá pé nínú igbó, kí ni òfin wí nípa ìpín Baba?"

"Abala kẹtàdínlógún," ni Àǹtí dáhùn. "Níbi tí a bá ti gbọ́ akọ àti abo, ẹni tó ń jẹ oyè ẹ̀dá náà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀kan lọ́dún, fún àríyá, láti ọwọ́ ọdẹ ìlú náà. Bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí olùkà bá ti tẹ àtàǹpàkò."

Ìbídùnní mọ abala náà lórí. Ìdánwò ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Kò rántí rẹ̀ nígbà tó di imú.

Àtàǹpàkò rẹ̀ dúró lókè. Ó wo Baba Ọdẹ́yínká; bàbá náà ń wo igi.

"Ìṣẹ́jú kan," ni Àǹtí wí.

Ó tẹ̀ ẹ́.

Iná tútù kan tàn lára àpótí náà. Lójú ọ̀nà, àwọn ẹ̀rọ agégi bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbídùnní kà wọ́n, torí kíkà ni iṣẹ́ rẹ̀: ọ̀kan, méjì, títí dé mẹ́rìnlá. Igbó náà wá dákẹ́ dé ibi tí a ti ń gbọ́ omi lórí òkúta.

"Ọjọ́ ìbí mi ku ọjọ́ méje," ni Ọ̀túnba wí. Ó ti rán kámẹ́rà lọ sínú ọkọ̀, kámẹ́rà sì ti gbé nǹkan gígùn kan wá nínú àpò awọ. Ìbọn tuntun ni, wọ́n fi fàdákà ya ẹtu sára ìdí rẹ̀. Ó gbé e lé itan Baba Ọdẹ́yínká. "Baba, gbogbo ìlú ló sọ fún mi pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n pè tó yín. Ẹ bá mi mú ọ̀kan. Akọ ni o, abo ni o, èyíkéyìí tó bá sanra. Ẹ wo iwájú díẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ó ṣeun!"

Kámẹ́rà ya àwòrán. Ọ̀túnba lọ sí etí odò láti lọ pe Ìyá Àdán, ohùn rẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ wọn: "Wọ́n ń bímọ, Ìyá! Mo ní wọ́n ń bímọ!"

Baba Ọdẹ́yínká ṣí ìbọn náà, ó wo inú ihò rẹ̀, ó tì í. Iṣẹ́ rere ni. Kò lè ṣe kó má yìn ín. Ó fọwọ́ ra ẹtu fàdákà náà lára. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Ìbídùnní, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ náà, ó sì sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Olùkà," ó wí, "èwo nínú àwa méjèèjì ni kí n yìn?"